Ìlà Tó Gbẹ̀yìn Nínú Ìwé Ẹ̀rí

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, Ìyá Pẹ̀lẹ́ wọ yàrá tí wọ́n ti ń pààrọ̀ aṣọ níbi iṣẹ́, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ o." Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ó tún kí wọn, bóyá wọn ò gbọ́ ni. Wọ́n gbọ́. Obìnrin tí wọ́n ti jọ ń ká aṣọ láti ọdún mẹ́jọ kọ ẹ̀yìn sí i, ó ń wá bọ́tìnì tí kò sọnù. Sálúbàtà tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ fi ń ṣiṣẹ́ ti wà nínú garawa omi ọṣẹ. Ó yọ ọ́, ó gbọn omi ara rẹ̀ dànù, ó ki ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀. Kò bèèrè ẹni tó ṣe é, torí ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá a lóhùn.

Ilé ìfọṣọ ni ibi iṣẹ́ náà. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn àti ti òtẹ́ẹ̀lì ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀. Wọn á fọ̀ ọ́, wọn á fún omi ara rẹ̀ dànù, wọn á wá tì í sẹ́nu ẹ̀rọ ìlọṣọ ńlá kan tó ní rólà méjì gbígbóná. Wọ́n ń pe obìnrin yìí ní Ìyá Pẹ̀lẹ́ nítorí pé pẹ̀lẹ́ ló máa ń sọ fún gbogbo èèyàn. Bó bá fi ìdí gbá tábìlì, á ní pẹ̀lẹ́ fún tábìlì.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn, ọwọ́ ọ̀tún ọmọ àbúrò rẹ̀ kó sẹ́nu ẹ̀rọ yẹn. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ló mú un wọ iṣẹ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ló sì ń gbé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Ìka mẹ́ta jóná, wọ́n lẹ̀ mọ́ra. Dókítà ní àwọn gbọ́dọ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ kejì kí oṣù yìí tó parí, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, ọwọ́ náà á ká kò, kò sì ní ṣeé nà mọ́ láéláé. Iléeṣẹ́ ní kò kan àwọn. Wọ́n ní ọmọ náà ni kò fojú sí iṣẹ́.

Ṣùgbọ́n ní àárọ̀ ọjọ́ náà, Ìyá Pẹ̀lẹ́ rí fọ́máànù wọn nígbà tó ń fi sípánà tú irin ààbò tó ń dènà ọwọ́ lẹ́nu ẹ̀rọ, nítorí pé irin náà ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn. Òun nìkan ló rí i. Tàbí ká kúkú sọ pé òun nìkan ló gbà pé òun rí i.

Ìjọ tó ń lọ ló gba ọ̀rọ̀ náà rò. Wọ́n ní ẹgbẹ́ kan níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹgbẹ́ Olùgbèjà, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ ni wọ́n sì ń ṣe. Bí onílé bá fẹ́ ju ayálégbé síta láìtọ́, bí ọ̀gá bá lé aboyún lẹ́nu iṣẹ́, ogún nínú wọn á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọn á lọ dúró sẹ́nu géètì onítọ̀hún, wọn á máa kọrin, wọn á máa gbàdúrà, títí ojú á fi ti í. Ojú sì máa ń tì wọ́n. Láti ọdún márùn-ún, kò sí ẹjọ́ wọn kan tó kọjá ẹnu géètì. Ti ilé ìfọṣọ yìí ni àkọ́kọ́ tó máa dé ọ́fíìsì ìjọba, níwájú alága tó ń gbọ́ ẹjọ́ àárín òṣìṣẹ́ àti ọ̀gá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago mẹ́wàá. Ọ̀la nìyẹn.

Fọ́máànù náà wọlé ní aago méje ku díẹ̀. Ọ̀gá Kíá ni wọ́n ń pè é, torí ọ̀rọ̀ tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀ jù nìyẹn. Lọ́jọ́ náà kò sáré. Ó ń rọra bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín, bébà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá Pẹ̀lẹ́ mọ bí wọ́n ṣe ń yẹra fún ìbínú ọkùnrin yìí; ẹ̀rín rẹ̀ ni kò mọ̀.

"Ìyá Pẹ̀lẹ́, mo wá dúpẹ́ lọ́wọ́ yín ni," ó ní.

Kò fi ẹ̀yin pè é rí láti ọjọ́ tó ti gba iṣẹ́. Ìyẹn ló tún dẹ́rù bà á jù.

"Ọpẹ́ kí ni, ọ̀gá?"

"Ọpẹ́ pé ẹ dárí jì mí."

Ó gbé bébà náà sókè, ó kà á ketekete kí gbogbo yàrá lè gbọ́: "Mo sì ti fi gbogbo ọkàn mi dárí ji fọ́máànù náà àti iléeṣẹ́. N kò ní ohunkóhun sí wọn mọ́, mo fi ẹjọ́ náà lé Ọlọ́run lọ́wọ́." Ó yí bébà náà sí i. Orúkọ ìjọ wà lókè rẹ̀. Nísàlẹ̀, orúkọ Ìyá Pẹ̀lẹ́ fúnra rẹ̀ ló wà níbẹ̀, èyí tó ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rẹ̀ máa ń dá dúró bí ẹni tó ń bá èkejì jà.

"Ṣé ọwọ́ yín kọ́ nìyí?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Lọ́yà iléeṣẹ́ ní kí n bá òun kí yín. Ó ní láti ìgbà tí òun ti ń ṣe lọ́yà, ẹlẹ́rìí tó ń bá òun ṣiṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́ báyìí, òun ò rí irú ẹ̀ rí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àwọn tí kò dá a lóhùn láàárọ̀ rí ohùn fi rẹ́rìn-ín. Obìnrin aláṣọ kíká ẹgbẹ́ rẹ̀ ní kí ló wá ń dà wọ́n láàmú fún nígbà tó ti dárí jì wọ́n tán, ṣé kí ìjọba wá ti ẹ̀rọ pa ni, kí ebi wá pa ọmọ mẹ́ta òun nítorí orin tí wọ́n ń kọ lẹ́nu géètì. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́." Obìnrin náà ní kó fi pẹ̀lẹ́ rẹ̀ se ọbẹ̀.

Ó ṣiṣẹ́ títí di aago mẹ́rin, kò sẹ́ni tó bá a di etí aṣọ kejì mú. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì gùn. Ó ń fi àgbọ̀n di etí kan mú.

Bó ṣe parí, gbọ̀ngàn ìjọ ló gbà lọ. Tíṣà Àgbà wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn mẹ́rin nínú ẹgbẹ́, wọ́n ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí wọ́n máa wọ̀ lọ́jọ́ kejì. Tíṣà Àgbà ni olórí Ẹgbẹ́ Olùgbèjà, òun náà ni akọ̀wé wọn. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ olùkọ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Bó bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, onítọ̀hún á dédé máa tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ẹgbẹ́ nìyí. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ á sọ tẹnu rẹ̀, Tíṣà Àgbà á kọ ọ́ sílẹ̀, á kà á síta níbi ìpàdé àdúrà, gbogbo wọn á ṣe àmín, ẹni náà á wá fọwọ́ sí i. Ìwé ẹ̀rí ni wọ́n ń pè é, bákan náà pẹ̀lú èyí tí wọ́n ń kà lọ́jọ́ ìdúpẹ́. Bí gbogbo ìwé ẹ̀rí sì ṣe máa ń parí ni wọ́n ṣe ń parí tiwọn: mo ti dárí jì, mo fi ẹjọ́ lé Ọlọ́run lọ́wọ́. Láti ọdún márùn-ún, ìlà yẹn kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ẹnu géètì ni wọ́n ti ń kà á, fún onílé tí ojú ti ń tì. Kò sẹ́ni tó ro ti lọ́yà mọ́ ọn.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ gbọ́ ọ lọ́jọ́ tí wọ́n kà á. Ṣùgbọ́n bí èèyàn ṣe ń gbọ́ oore-ọ̀fẹ́ níparí ìsìn ló ṣe gbọ́ ọ, nígbà tí ẹsẹ̀ ti ń wá bàtà.

Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí Tíṣà Àgbà fi gbójú sókè. Ó ní kí wọ́n má bínú, ó ní ìlà kan wà nínú ìwé yẹn, èyí tó gbẹ̀yìn, pé ṣé wọ́n lè bá òun yọ ọ́.

"Yọ kí ni?"

"Ìdáríjì yẹn, mà."

Áyọ́ọ̀nù dúró lọ́wọ́ ẹni tó ń lọ ṣẹ́ẹ̀tì. Tíṣà Àgbà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ṣé o ò dárí jì í ni?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ ń wo áyọ́ọ̀nù náà, bóyá á jó aṣọ.

"Mo bi ọ́ léèrè. Ọ̀sẹ̀ mélòó lo ti ń jẹ oúnjẹ Olúwa pẹ̀lú wa láti ìgbà yẹn, tó o sì di èèyàn sínú? Orúkọ ìjọ ló wà lórí bébà yẹn. Ṣé kí n lọ sọ fún ìjọba pé àwọn tí à ń gbèjà wọn nínú ilé Ọlọ́run ò mọ ìdáríjì?"

Ó gbìyànjú láti sọ ti lọ́yà. Tíṣà Àgbà ní ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni ìdáríjì, lọ́yà ò lè rí nǹkan fi ṣe. Ó ní ohun tí Ìyá Pẹ̀lẹ́ máa ṣe lọ́la kò ju pé kó jókòó, kó dákẹ́, torí kò mọ ọ̀rọ̀ sọ, òun lòun máa sọ ọ́. Télọ̀ kan tó jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ ní, lóhùn ìsàlẹ̀, àmọ́ kò sàlẹ̀ púpọ̀, pé àwọn kan ń fi oòrùn pa ara wọn nítorí àwọn kan, àwọn kan yẹn ló tún wá ń wá àléébù.

Ìyá Pẹ̀lẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó ti rìn dé ìta kó tó bi ara rẹ̀ pé ọpẹ́ kí ni.

Nílé, kò lè fi í pamọ́. Ọmọ náà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń fi ọwọ́ òsì kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ. Nígbà tó gbọ́ ọ tán, ó gbé bírò sílẹ̀.

"Àǹtí, ọwọ́ ta ló jóná?"

"Tìrẹ ni."

"Ta ló wá ní kí ẹ bá mi dárí jì í?"

Ó ní òun ò mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Ọmọ náà ní kì í ṣe pé kò mọ̀, ẹ̀rù ló ń bà á, ẹ̀rù ti ń bà á kí wọ́n tó bí òun, òun ti gbọ́ lẹ́nu ìyá òun. Ó wá ní bó bá tún lọ sọ pẹ̀lẹ́ fún wọn lọ́la, kó má padà wá sínú ilé yìí. Ilé Ìyá Pẹ̀lẹ́ ni. Òun ló gbà á, òun ló ń sanwó rẹ̀. Ó kàn ní, "Mo gbọ́."

Ohun kan tún wà tí kò sọ fún ọmọ náà, tí kò sọ fún Tíṣà Àgbà, tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó jókòó tì í títí ilẹ̀ fi ṣú, kò sì sọ ọ́.

Yàrá tí wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ kéré. Tábìlì gígùn kan, fáànù kan tó ń ké, fáìlì tí wọ́n tò dé òkè fèrèsé. Alága jẹ́ obìnrin tó ti ń gbọ́ irọ́ tipẹ́, èèyàn lè rí i lójú rẹ̀. Ọ̀gá Kíá àti lọ́yà iléeṣẹ́ jókòó sápá kan. Tíṣà Àgbà, Ìyá Pẹ̀lẹ́ àti ọmọ náà jókòó sápá kejì. Àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ ń kọrin nísàlẹ̀, títí alága fi rán mẹ́séńjà sí wọn pé bí òun bá tún gbọ́ ohùn kan sí i, òun máa sún ẹjọ́ náà di oṣù tó ń bọ̀. Orin náà dá gẹ́ẹ́. Bí géètì ṣe rí lára wọn kọ́ ni ibí yìí rí.

Lọ́yà kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó ka ìlà tó gbẹ̀yìn, ó gbé bébà síwájú alága. Ó ní ìyá yìí sọ ọ́ fúnra rẹ̀ pé òun ò ní ohunkóhun sí iléeṣẹ́ mọ́, ó ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù tó ga ju ibí lọ, iléeṣẹ́ sì fara mọ́ ọn.

Tíṣà Àgbà dìde. Ó ti ń ṣàlàyé ohun tí ìdáríjì jẹ́ dé ọ̀nà kẹta nígbà tí alága bi í bóyá ó wà nílé ìfọṣọ lọ́jọ́ náà. Ó ní rárá. Alága ní kó jókòó.

"Ìyá, ẹ̀yin lẹ sọ gbólóhùn yìí?"

Ìyá Pẹ̀lẹ́ wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá Kíá ń rẹ́rìn-ín ti àná. Tíṣà Àgbà ń wò ó bí ẹni tó ti di pankẹ́rẹ́ mú. Ìjọ yẹn ni wọ́n ti gbé e níyàwó, àwọn ló sin ọkọ rẹ̀. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, ó ti pe Tíṣà Àgbà ní òpùrọ́ níwájú ìjọba nìyẹn. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ọwọ́ ọmọ náà lọ. Ọmọ náà kò tilẹ̀ wò ó. Báńdéèjì ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò.

"Mi ò sọ ọ́, mà," ó ní. "Mi ò dárí jì í."

Tíṣà Àgbà yí sí i. "Ṣé o ò ṣe àmín nígbà tí mo kà á?"

"Mo ṣe àmín."

Lọ́yà tètè gbé ẹnu lé e. Ó ní bí ìlà kan bá jẹ́ irọ́ nínú ìwé tí ìyá yìí fọwọ́ sí, kí ni ẹ̀rí pé èyí tó kù kì í ṣe irọ́? Ẹni tó kọ ọ́ kò sí níbẹ̀, ẹni tó wà níbẹ̀ kò kà á dáadáa. Ó ní kí wọ́n kúkú da gbogbo rẹ̀ nù. Alága gbé bébà náà kúrò níwájú ara rẹ̀.

"Ó dáa. Kò sí bébà mọ́. Ẹ fi ẹnu yín sọ ọ́ fún mi."

Ó bẹ̀rẹ̀. Kò dùn-ún gbọ́. Á sọ gbólóhùn kan, á dúró, á wo ojú wọn, á padà lọ tún un sọ. Ó ní aago mẹ́fà àbọ̀ ni. Ó ní Ọ̀gá Kíá tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó kúnlẹ̀ lé e, kí ṣòkòtò rẹ̀ má bàa dọ̀tí. Nọ́ọ̀tù mẹ́rin ló de irin ààbò náà mọ́ ẹ̀rọ. Mẹ́ta tú, ìkẹrin kọ̀, ó fi òróró sí i.

"Irọ́ ni," Ọ̀gá Kíá ní. "Kò sí nítòsí. Báwo ló ṣe fẹ́ mọ iye nọ́ọ̀tù?"

Ó ti dé ibi tí kò fẹ́ dé. Ó di etí tábìlì mú. Gbogbo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó fi ń dákẹ́, nítorí ibí yìí ni.

"Mo wà nítòsí," ó ní. "Irin yẹn wúwo, kò lè dá a gbé. Èmi ni mo bá a dì í mú. Mo dì í mú títí ìkẹrin fi tú. Mo tún ní kó rọra, kó má bàa já lé e lẹ́sẹ̀. Èmi àti ẹ̀ la jọ yọ ọ́. Ní aago mẹ́jọ, ọmọ mi kó ọwọ́ síbẹ̀."

Ó gbọ́ tí ọmọ náà mí, kò sì lè yíjú sápá ibẹ̀.

Lọ́yà ní ẹ ò rí i, obìnrin yìí fúnra rẹ̀ ló jẹ̀bi, ó ti fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ì bá parí sí. Ṣùgbọ́n inú ti ń bí Ọ̀gá Kíá bọ̀ láti ìgbà tí ẹ̀rín ti kúrò lẹ́nu rẹ̀, kò sì lè gbà kí alágbàfọ̀ kan bá òun pín iṣẹ́ ọwọ́ òun.

"Ìwọ àti ta ló jọ yọ ọ́?" ó ní. "Ṣèbí mo kàn ní kó o bá mi dì í ni. Ta ló fi tipá mú ọ?"

Lọ́yà dijú. Alága fa bébà tuntun, ó ń kọ, ó sì pẹ́ kó tó kọ ọ́ tán.

Ó ní láti ọjọ́ náà lọ, ẹ̀rọ ìlọṣọ náà kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ títí wọn á fi dá irin ààbò rẹ̀ padà tí òṣìṣẹ́ ìjọba á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní iléeṣẹ́ ló máa ṣètò iṣẹ́ abẹ ọmọ náà láàárín ọ̀sẹ̀ yìí, ìyókù ẹjọ́ lè máa tẹ̀lé e. Ó wá wo Ìyá Pẹ̀lẹ́, ó ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ náà wà nílẹ̀, àwọn máa pè é láti wá sọ tẹnu rẹ̀ lórí irin tó bá wọn dì mú. Kò fi sùúrù sọ ọ́. Ó fi àṣẹ náà lé ọmọ náà lọ́wọ́ òsì, ó ní kó gbé e dé ilé ìwòsàn kí wọ́n tó tilẹ̀kùn ní aago mẹ́ta.

Nísàlẹ̀, obìnrin aláṣọ kíká ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì pẹ̀lú méjì mìíràn láti ibi iṣẹ́, tí wọ́n gbààyè láti wá gbọ́ ibi tó máa já sí. Nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ẹ̀rọ dúró, obìnrin náà kò bú Ìyá Pẹ̀lẹ́. Ó tutọ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ nù ún, ó lọ.

Tíṣà Àgbà kó ṣẹ́ẹ̀tì funfun jọ lọ́wọ́ àwọn èèyàn rẹ̀ bí ẹni tó ń gba ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá. Ó ní bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹgbẹ́ bá wọn dé ìparí ẹjọ́ náà, Ìyá Pẹ̀lẹ́ á dúró níwájú ìjọ lọ́jọ́ Ìsinmi, á ní òun dárí jì í, á sì tọrọ àforíjì pé òun ba ìwé ìjọ jẹ́. Ó ní kó dáhùn níbẹ̀.

"Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ọwọ́ ọmọ yìí ná," Ìyá Pẹ̀lẹ́ ní.

"Kì í ṣe ohun tí mo bi ọ́ nìyẹn."

"Mo mọ̀, mà. Òun ni mo rí dáhùn."

Bọ́ọ̀sì ìjọ ló gbé wọn wá. Tíṣà Àgbà wọ̀ ọ́, àwọn tó kù tẹ̀lé e, wọ́n sì fa ilẹ̀kùn dé. Télọ̀ yẹn wo ìyá àti ọmọ láti ojú fèrèsé títí ọkọ̀ fi yí kọ́nà.

Ó wá ku àwọn méjèèjì lẹ́bàá títì. Ìyá Pẹ̀lẹ́ ti ń to ohun tó fẹ́ sọ jọ, kò sì rí èyí tó máa kọ́kọ́ mú.

"Ẹ dì í mú," ọmọ náà ní.

"Mo dì í mú."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lẹ fi ń bá mi wẹ ọwọ́ yìí."

Ọmọ náà ní kó má bá òun rìn. Ó gbé àṣẹ alága sábẹ́ apá, ó gba ọ̀nà ilé ìwòsàn lọ, ó ń yára. Ìyá Pẹ̀lẹ́ dúró títí ọmọ náà fi fi nǹkan bí ìṣísẹ̀ mẹ́wàá ṣáájú, ó wá ń tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n dé oríta, ọkọ̀ pọ̀, ọmọ náà dúró kí ọ̀nà dá. Ìyá Pẹ̀lẹ́ náà dúró síbi tó wà. Ọmọ náà kò bojú wẹ̀yìn, kò sì ní kó padà. Ọ̀nà dá, ó sọdá, ìyá náà ka ìṣísẹ̀ mẹ́wàá, ó sọdá tẹ̀lé e.